Debian ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Lagere: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí odindi kọ̀ǹpútà bíi Windows, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé Linux, kì í kánjú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ́fítíwià tí yóò máa pàwọ̀ dà lóṣooṣù, kó yà fún un. Láàárín ẹ̀dà rẹ̀ kan sí èkejì, bí ọdún méjì ló máa ń gbà. Ohun tí wọ́n bá sì gbé síta lónìí, bó ṣe wà náà ni yóò wà títí ẹ̀dà mìíràn yóò fi dé, àfi àtúnṣe àléébù àti ti ààbò. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní OAU máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé sọ́fítíwià àwọn bàbá àgbà ni mò ń lò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá àgbà yẹn ni kì í jẹ́ kí n dá owó oníbàárà padà.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti, bí Ọlọ́jọ́ bá ń sún mọ́lé, oríṣiríṣi ìwé àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Ọọ̀ni kú ọdún. Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ wa ti jáde ni Yorùbá tó ní àmì ohùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá bá ń wá ẹni tí yóò bá òun táìpù, wọ́n á ní kó sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ìyá Ṣeun. Èmi ni Ìyá Ṣeun. Ṣeun fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀lù ló mọ̀.

Àmì ohùn yìí ló sọ mí di ẹni tó ń yẹ ẹ̀dà sọ́fítíwià wò bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, é àwọn ará Faransé ní ààyè tirẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa náà ní ààyè tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi àmì lé ẹ lórí, tó di ẹ́ tàbí ẹ̀, kò sí ààyè kankan fún un mọ́. Ẹyọ méjì ni kọ̀ǹpútà ń rí, ẹ lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀, sọ́fítíwià ni yóò wá bá wa gbé ọ̀kan gun orí èkejì. Fọ́ńtì ní láti mọ ibi tí orí lẹ́tà wà. Ètò tó ń to lẹ́tà ní láti mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń sọ ìwé di PDF náà ní láti mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀dà tuntun, ẹni tó ń táìpù Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ̀ láéláé. Àwa la máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

A sì jẹ ẹ́, lọ́wọ́ ètò ìtẹ̀wé kan tí a ń lò kí a tó dé ìdí Debian. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é sì bá wa sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kọ̀ǹpútà wa á sì fà á wọlé fúnra rẹ̀ lóru. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ àgbà kan wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ojú-ewé kìíní, ó ṣí èkejì, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

“Ìyá Ṣeun, kí lẹ rò pé mo máa fi èyí ṣe?”

“Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?”

“Ẹ wò ó fúnra yín.”

Mo wò ó. Gbogbo ẹ́ àti ọ́ inú rẹ̀ ló ti ṣí fìlà. Nínú “ẹ̀kọ́”, àmì orí ọ ti rọra sún sápá ọ̀tún, ó dúró sí àlàfo tó tẹ̀lé e. Nínú “ọ̀rọ̀”, àmì àkọ́kọ́ ti lọ gun r lórí. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó ṣe é. Inú PDF nìkan ló ti bàjẹ́, fáìlì kan náà tí a ti tẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú láìsí àbùkù kankan. Owó ìwé tó ṣòfò lọ́jọ́ yẹn, àpò mi ló ti jáde.

Irú èyí ni àwọn onísọ́fítíwià ń pè ní regression, tí àwa ní ṣọ́ọ̀bù ń pè ní ìpadàsẹ́yìn: ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀dà tuntun wá bà jẹ́. Mo kórìíra rẹ̀ ju àléébù lásán lọ. Àléébù lásán, ẹ ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ ti mọ bí ẹ ṣe ń yà fún un. Ìpadàsẹ́yìn, ẹni tó ti fọkàn balẹ̀ ló ń bá.

Ọmọ kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí, tó ti wọ yunifásítì báyìí, ló fi bí a ṣe ń wá ẹ̀dà tó bà á jẹ́ hàn mí. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dára kẹ́ ẹ máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ mú ẹ̀dà tó dára, ẹ mú ẹ̀dà tó bàjẹ́, ẹ lọ sí àárín gbùngbùn wọn. Bí ti àárín bá dára, gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti bọ́ nínú ẹjọ́. Bó bá bàjẹ́, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e lẹ lè gbàgbé. Ẹ tún pín ìyókù sí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Git, tí ọ̀pọ̀ onísọ́fítíwià fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, ní àṣẹ kan fún un, git bisect. Bí àyípadà 1,024 bá wà láàárín dídára àti bíbàjẹ́, ìdánwò 10 péré ló máa mú èyí tó ṣe é jáde. Àwọn tó ń ṣe LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń táìpù ìwé, tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́ parí jọ sínú àká kan, kí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ sọ́fítíwià náà lè máa pín in sí méjì méjì. Bibisect ni wọ́n ń pè é. Irú èmi yìí tí kò kọ ìlà kóòdù kan rí láyé lè lò ó.

A rí ẹ̀dà tó ba àmì wa jẹ́. A kọ̀wé sí àwọn tó ni ètò náà. A ò fi odindi iṣẹ́ olùkọ́ ránṣẹ́ sí wọn, fáìlì kékeré tí kò ju ìlà méjì lọ la fi ránṣẹ́, ìwọ̀nba tó máa fi àléébù náà hàn. A sọ ẹ̀dà tó dára kẹ́yìn, a sọ èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́. Wọ́n dáhùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tún un ṣe. Inú ẹ̀dà tó tẹ̀lé e ni àtúnṣe náà wà, ẹ̀dà yẹn kan náà ló sì tú àwọn tábìlì inú prójẹ́ẹ̀tì wa ká. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ni wọ́n ń bá wí. Èmi ní oníbàárà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà fún ọmọ náà pé kó fi Debian sórí kọ̀ǹpútà kan fún mi, kí n wò ó.

Láti 1993 tí Ian Murdock ti dá Debian sílẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ìpele mẹ́ta ni nǹkan ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ irú wa. Èkíní ni unstable, tí wọ́n ń pè ní sid. (Inú fíìmù ọmọdé kan ni wọ́n ti ń mú orúkọ gbogbo ẹ̀dà Debian. Sid ni ọmọkùnrin tó máa ń tú nǹkan ìṣeré palẹ̀. Wọn ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.) Ibẹ̀ ni package tuntun, ìyẹn sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dì fún Debian, ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Bó bá lo bí ọjọ́ 2, 5 tàbí 10 níbẹ̀, bí ìkánjú rẹ̀ bá ṣe tó, tí kò sì mú àléébù ńlá tuntun lọ́wọ́, ó lè kọjá sí testing. Testing ló máa di stable, èyí tí irú wa ń lò, lọ́jọ́ kan.

Kí ọjọ́ náà tó dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Fún Debian 12, tó ń jẹ́ bookworm, oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má mú àyípadà tó kan ọ̀pọ̀ package wá mọ́. Nígbà tó yá, kò sí ààyè fún package tuntun mọ́. Nígbà tó tún yá, ohun tó bá ṣì fẹ́ wọlé, àfi kí ẹnì kan fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni wọ́n tó gbé e síta. Bí oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń tún àléébù ṣe! Debian 13, trixie, jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọ̀nà kan náà ló gbà. Àwọn mìíràn a máa kọ́kọ́ dá ọjọ́: Ubuntu, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìdílé Linux, kì í sábà yẹ oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Debian a ní bó bá jinná, a ó sọ̀ ọ́.

N kò bú Ubuntu o. Ẹ̀dà LTS tiwọn, tó ń jáde ní ọdún méjì méjì tí wọ́n sì ń tọ́jú fún ọdún márùn-ún, dára fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ Debian ni wọ́n ti ń mú un. Mo kàn fẹ́ràn kí n mu omi níbi orísun.

Ibi tí Debian ti gba ọkàn mi pátápátá ni ìwé àléébù wọn, bugs.debian.org. Kò lẹ́wà. Ẹ máa rò pé ọdún 1998 lẹ ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Àléébù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: critical, grave àti serious ló lè dá odindi ẹ̀dà dúró. Important tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà normal àti minor. Wishlist ni ti ẹni tó kàn ń tọrọ nǹkan. Package tó bá ní ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì wá nǹkan ṣe sí i, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú testing kí ẹ̀dà má bàa tìtorí rẹ̀ dúró. Kò sí ojúsàájú.

Wọ́n tún ń kọ ẹ̀dà tí wọ́n ti rí àléébù náà síbẹ̀, found, wọ́n sì ń kọ ẹ̀dà tó ti kúrò, fixed. Àléébù kan lè ti kú ní unstable kó ṣì wà láàyè ní stable, ìwé náà á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí mo nílò nìyẹn! Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí n gba ẹ̀dà kan, n kò wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé ó yára, ó lẹ́wà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, láti ìgbà wo, àti bóyá ó ti lọ. Mélòó nínú àwọn tó ń ta sọ́fítíwià lówó gọbọi ló lè ṣí irú ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi? Ó wà nínú àdéhùn tí Debian bá gbogbo ayé ṣe láti 1997 pé àwọn kò ní fi ìṣòro pamọ́. Wọn kì í fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 ló jẹ́ kí àwọn ọmọ OAU dín ẹ̀rín wọn kù. xz ni orúkọ ètò kékeré kan tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba ààyè, agbára káká ni ẹ fi máa rí Linux tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti fi sùúrù wọ inú iṣẹ́ náà, ó ti gba ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó bá níbẹ̀, ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, kí olè lè gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, ní Microsoft, ló tú àṣírí rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí i: orí Debian sid ló ti ń dán nǹkan tirẹ̀ wò, ló bá ṣàkíyèsí pé ssh, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ti ń falẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Èmi ìbá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Òun tọpa rẹ̀ títí tó fi dé ìdí xz. Sid ti gbà á wọlé, testing náà ti gbà á. Stable kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. 5.4.1 ló wà níbẹ̀, àwọn bàbá àgbà ṣì ń sùn.

Ẹ má rò pé ọwọ́ stable mọ́ tán. Nǹkan bí oṣù méjì méjì ni wọ́n máa ń kó àtúnṣe jọ fún un, 12.1, 12.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 tó kan 12.3, kernel 6.1.64 tó wà nínú rẹ̀ (kernel ni ọkàn Linux gan-an) lè ba fáìlì jẹ́ lórí díìsìkì tó bá ń lo ext4, ìyẹn ọ̀nà kan tí Linux ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì. Ext4 sì ni Debian máa ń gbé síwájú ẹni tó bá ń fi í sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti mú àtúnṣe kan láti inú kernel tuntun wá sínú ti àtijọ́, wọ́n wá fi èkejì tó yẹ kó bá a rìn sílẹ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, nínú ìdílé Linux, òfin ni pé ẹ̀dà tuntun kò gbọ́dọ̀ ba ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn jẹ́. Thorsten Leemhuis, ará Jámánì, tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń tọpa àwọn ìpadàsẹ́yìn kernel, ó sì kọ ètò kan, regzbot, tó ń bá a ka àwọn tí wọn ò tíì tún ṣe. Òfin wà, ọlọ́dẹ wà, síbẹ̀ ó ráyè kọjá.

Ìdajì ìràwọ̀ ni mo yọ fún ìyẹn, n kò sì dá a padà. Fáìlì oníbàárà tó bàjẹ́ kò ṣe é fi ẹ̀bẹ̀ dí. Mo yìn wọ́n fún bí wọ́n ṣe ṣe é ṣá: wọ́n dá 12.3 dúró, wọ́n kìlọ̀ ní gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe update, ọjọ́ 10 oṣù náà ni 12.4 dé pẹ̀lú kernel 6.1.66. Kò kàn wá ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí èmi kì í gba update lọ́jọ́ tó bá jáde. Kí àwọn tó wà níwájú kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ wò ná.

Bí a ṣe ń ṣe é ní tiwa nìyí. Ìwé kan wà lára ògiri wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo fáwẹ́lì Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì wọn ló wà lórí rẹ̀, lẹ́tà kékeré àti ńlá. Ń àti ǹ wà níbẹ̀. M̀ náà wà níbẹ̀, èyí tí òun náà kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní Unicode. Lẹ́yìn wọn ni ìlà oríkì kan, tábìlì kan, àti àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kan. Ohunkóhun tó bá yí padà, ìbáà ṣe fọ́ńtì, ìbáà ṣe LibreOffice, kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn pátápátá la kọ́kọ́ máa ń fi sí. A ó tẹ ìwé ìdánwò yẹn jáde, a ó yọ ti ògiri, a ó gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, a ó wá gbé méjèèjì sí ojú fèrèsé kí oòrùn lè là á kọjá. Bí ohun gbogbo bá wà níbi tó yẹ, ìwé kan ṣoṣo lẹ máa rí. Bí àmì kan bá ti sún, ìbáà ṣe bíńtín, òjìji rẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á di méjì. Ojú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi mú ju tèmi lọ. Òun ló máa ń sọ pé, “Ọ̀gá, ọ̀ ìlà kẹta.”

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ní pariwo. Àṣẹ kan wà, apt-mark hold, tó ń dá package dúró síbi tó wà kí ẹ̀dà tuntun má rọ́ lù ú. Snapshot.debian.org tún wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn package tí Debian ti gbé jáde láti 2005, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Bó ṣe wà lọ́jọ́ tó dára kẹ́yìn, ẹ lè padà síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa pín in sí méjì títí ẹ ó fi bá a. Ní ìlú tí iná ti lè lọ láàárín update, ẹ fi dpkg --configure -a sọ́kàn. Bí iná bá dé, òun ló máa parí ohun tó já sáàárín. Ó dára jù kí ínfátà ti wà lórí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ṣá.

Ìdajì ìràwọ̀ tó kù, orí oríṣiríṣi ló pín sí. LibreOffice 7.4 ló wà nínú bookworm, ibẹ̀ náà ló sì wà nígbà tí àwọn èèyàn lóde ti ń lo 24.8. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fáìlì wá láti orí kọ̀ǹpútà tuntun, á ní ibi báyìí kò rí bó ṣe wà nílé. Backports, ìyẹn ẹ̀dà tuntun tí wọ́n tún dì fún stable, wà fún ẹni tó bá fẹ́ tuntun díẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti ń kó backports wọlé ní ọ̀tún ní òsì, kí lẹ wá wá dé ìdí stable? Trixie mú 25.2 wá, ìyẹn ti dín àríyànjiyàn kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi àléébù sùn, ímeèlì ni wọ́n ń lò, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ reportbug máa ń bá ẹ to ẹjọ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn èèyàn tó ní ẹjọ́ gidi tí wọ́n rí ojú-ewé yẹn tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti kọ̀ǹpútà 32-bit, àwọn ti àtijọ́. Trixie kò ní installer, ètò tó ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà, fún wọn mọ́. Mo mọ ìdí: iṣẹ́ ni láti máa tọ́jú wọn, iye àwọn tó ń lò wọ́n sì ń dín kù. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tòkunbọ̀ àtijọ́ ṣì ń bọ́ ẹbí. Ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa tó ń táìpù ìwé ìpè. Orí bookworm ló wà, ibẹ̀ náà ni yóò ti fẹ̀yìn tì.

Fún àwọn kọ̀ǹpútà wa yòókù, a dúró kí 13.1 kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, a tún dúró kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ parí ìdánwò wọn, kí a tó kó wọn lọ sí trixie. Ẹni tó bá ṣì wà lórí 11, kó má fò láti ibẹ̀ bọ́ sí 13. Kó kọ́kọ́ dé 12. Ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó sórí 12 rẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé e: ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní kíkún, àwọn ẹgbẹ́ LTS ti Debian, tó ń tọ́jú ẹ̀dà tó ti dàgbà, á fi méjì kún un, ti bookworm á wá parí ní oṣù kẹfà ọdún 2028.

Àwọn tó dán Debian wò láyé àtijọ́ tí wáì-fáì sì fi ojú wọn rí màbo, ẹ tún padà wò ó. Láti bookworm ni firmware, sọ́fítíwià kékeré tí ọ̀pọ̀ wáì-fáì ń béèrè kó tó lè ṣiṣẹ́, ti wà nínú installer, lẹ́yìn ìbò tí wọ́n dì ní 2022. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ lọ wá a káàkiri. Ẹ wò ó lábẹ́ Nigeria. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Netinst, installer kékeré wọn, kò tó gígábáìtì kan, àmọ́ ìyókù tó máa fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì á jẹ dátà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òru.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun fi sórí kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, kó wá mú flash 8GB bọ̀ ní Lagere. A kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, owó dátà nìkan ni. Ẹ ṣáà má wá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń gba prójẹ́ẹ̀tì, a ò ní ráyè yín.